Èmi Ni Mo Ká Wáyà Fáíbà Ilé Wa, Kì Í Ṣe Ẹnjiníà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ojú ewé mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó mú ilé-iṣẹ́ tí yóò fa fáíbà wọlé yín, àti ẹ̀yin tá a jọ ń gun àtẹ̀gùn kan náà nínú ilé alájà márùn-ún wa, ẹ fara balẹ̀ ka ti òní. Mi ò wọn íńtánẹ́ẹ̀tì ẹnikẹ́ni lónìí, ara mi ni mo gbé sórí òṣùwọ̀n. Ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá tí irọ́ kan ti ń gbé nínú mi bí ayálégbé tó kọ̀ tí kò kó jáde, mo sì ti pinnu láti da ẹrù rẹ̀ síta lójú gbogbo yín. Ọkùnrin tẹ́ ẹ̀ ń pè ní Ẹnjiníà Káwáyà kò ká wáyà kankan. Èmi ni mo ká a. Èmi Àǹtí Rútà tẹ́ ẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ má wulẹ̀ sáré lọ sí ìsàlẹ̀ lọ wo ibi tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀. Ẹ ka bí mo ṣe ṣe é, torí bí mo ṣe ṣe é burú ju pé mo ṣe é lọ.

Ẹni tí kò mọ̀ mí, kó mọ̀ mí. Mi ò lọ yunifásítì. Inú pàǹtírí ni mo ti mú rútà àkọ́kọ́ tí mo tú, àpótí kékeré tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì kiri ilé. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti tú u, nọ́ọ̀tì méjì sọnù sínú aṣọ ìbora, mo sì tò ó padà títí iná rẹ̀ fi tàn. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́, ìbínú ló kọ́ mi. Bí ọkùnrin kan bá wò mí tó ní, "Ìyáàfin, ẹ pe ọkọ yín wá, ọ̀rọ̀ yìí le díẹ̀," màá fọ ọ̀rọ̀ sí i lára débi pé á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa gba òun sílẹ̀. Mi ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Mo ti ń fi èyí yangàn láti ìgbà èwe mi, mi ò mọ̀ pé ẹni tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni lè máa bẹ̀rù pé kí wọ́n má rí àṣìṣe òun.

Ẹ mọ irú ilé tá à ń gbé. Kì í ṣe ilé àwọn tó ń fi íńtánẹ́ẹ̀tì wo eré nìkan. Onífíìmù ní àjà kejì ń gé fíìmù, ó sì ń fi fáìlì tó wúwo bí àpáta ránṣẹ́ lójoojúmọ́. Ẹnjiníà ní àjà kẹrin ń jókòó nínú yàrá rẹ̀, ó ń ṣọ́ àwọn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan tó wà lọ́nà jíjìn. Bí ọ̀kan bá dákú, òun ló ń jí i. Irú wa kì í bèèrè pé "ṣé ó yára?" bí ẹni tó ń ra bàtà. Ohun tá à ń bèèrè ni pé, bí mo bá ń fi nǹkan ránṣẹ́ jáde, ṣé á yá bí ìgbà tí mò ń fà á wọlé? Ṣé ẹ máa fún mi ní àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì tèmi nìkan kí n lè wọ kọ̀ǹpútà ilé mi láti ìta, àbí ẹ máa kó ọgọ́rùn-ún ilé sábẹ́ àdírẹ́sì kan bí adìyẹ nínú àgò? Ṣé mo lè lo rútà tí mo fọwọ́ ara mi yàn? Tó bá di ọ̀sán tí gbogbo ayé wọ̀ ọ́, ṣé kò ní máa já?

Ilé-iṣẹ́ méjì ló fẹ́ fa fáíbà wá sílé wa. Ọ̀kan ń ta wáyà tirẹ̀ lórí òpó, la bá ń pè é ní Onílàdà. Èkejì ń gbẹ́ ilẹ̀ sin tirẹ̀, la pe ìyẹn ní Oníṣọ́bìrì. Àwọn méjèèjì ló ní àwọn ò wọlé àfi tí gbogbo ilé bá jọ fọwọ́ sí ìwé ọdún méjì. Màmá Alága, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ayálégbé wa, wá ní, "Mi ò fẹ́ ariwo nínú ilé yìí o. Àǹtí Rútà, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Kí kálukú wọn fa wáyà ìdánwò kan wá sí kọ́bọ́ọ̀dù wáyà nísàlẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Wọ̀n wọ́n fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tó o bá ní ó dáa náà la máa mú."

Ṣùgbọ́n mo ti sọ̀rọ̀ sílẹ̀ ká tó dé ibẹ̀. Oṣù mẹ́ta ṣáájú, mo ti kọ ọ́ sójú ewé mi ní lẹ́tà gàgàrà pé Onílàdà ni bàbá gbogbo wọn, àti pé ẹni tó bá mú Oníṣọ́bìrì, inú ihò ló fẹ́ lọ máa gbé. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ pín in kiri. Mi ò tíì fọwọ́ kan wáyà Oníṣọ́bìrì rí nígbà tí mo kọ ọ́! Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu mi ni. Ní ìpàdé tí Màmá Alága ti ní kí n wọ̀n wọ́n, Ẹnjiníà nawọ́ sókè. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, ohun tẹ́ ẹ kọ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Onílàdà kì í fún èèyàn ní àdírẹ́sì tirẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn wọn, ojú ewé kẹsàn-án." Ó kà á sókè. Ó kà á jẹ́jẹ́, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ìyẹn gan-an ló bí mi nínú jù. Mo ní, "Ẹnjiníà, ìwé lẹ̀ ń kà, wáyà lèmi ń kà. Ẹni tó ka ìwé nípa odò wíwẹ̀, kó bẹ́ sódò ká wò ó!" Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo délé, mo ti ilẹ̀kùn, mo ṣí ojú ewé kẹsàn-án. Òótọ́ ló sọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n wọ́n. Fún ọjọ́ márùn-ún gbáko ni Oníṣọ́bìrì ń na Onílàdà bí ẹni ń gbọn eruku lára ẹní. Bí mo bá ju ẹgbẹ̀rún ìsọfúnni jáde, Oníṣọ́bìrì kì í sọ ẹyọ kan nù. Ti Onílàdà, tó bá ti lu aago méjì ọ̀sán, ogójì á sọnù, nígbà míì àádọ́ta. Bí mo bá jókòó tí mo ń wo àkọsílẹ̀ yẹn, ojú Ẹnjiníà ni mò ń rí nínú ẹ̀. Mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ìpàdé tó kàn pé, "Àǹtí, ẹ má bínú." Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ kórìíra ohùn ẹni tí kò ṣẹ̀ yín rí.

Lọ́jọ́ kẹfà, tó jẹ́ Ọjọ́rú, aago mẹ́ta ọ̀sán ń lọ lù, mo ní kí àbúrò mi obìnrin tá a jọ ń gbé bá mi mú tọ́ọ̀ṣì wá sí kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀, torí inú rẹ̀ ṣókùnkùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ fáíbà ti mọ ibi tí mò ń lọ. Kì í ṣe kọ́pà tí èèyàn ń ká bó ṣe wù ú. Gíláàsì ni, ó tín-ín-rín bí irun orí, ìmọ́lẹ̀ ló ń sáré nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ká a gbàràgàdà, kò sí ewu. Tẹ́ ẹ bá ká a mọ́ nǹkan tóóró, ìmọ́lẹ̀ á máa jò dànù níbi tó ti ṣẹ́rí. Kò ní kú, á kàn máa kọsẹ̀ ni. Kò ní já, kò ní ní àpá, ẹ lè fi ọjọ́ mẹ́wàá bú ilé-iṣẹ́ náà kẹ́ ẹ tó ronú kan wáyà. Mo wé wáyà Oníṣọ́bìrì mọ́ pẹ́ńsù nígbà mẹ́rin, mo fa pẹ́ńsù náà yọ, mo fi rọ́bà kékeré so ó, mo tì í sẹ́yìn àwọn wáyà yòókù. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé bí wọ́n ṣe ń tò ó nìyẹn? Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé wọn kì í ká a kéré." Mo ní, "Gbé tọ́ọ̀ṣì yẹn sókè jàre, ṣé mo ní kó o bá mi ronú ni?" Ó gbé e sókè.

Láti wákàtí yẹn ni Oníṣọ́bìrì ti ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ọ̀mùtí. Wàyí o, ẹnikẹ́ni tó bá rí àkọsílẹ̀ náà wákàtí sí wákàtí, á mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ń lọ geere títí di ọ̀sán Ọjọ́rú, ó sì já bọ́ gbì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àìsàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn wọlé, ọwọ́ èèyàn ló wà níbẹ̀. Kí ni mo wá ṣe? Mo da ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá pọ̀, mo pín in dọ́gba, mo gbé nọ́ńbà kan ṣoṣo kalẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sójú ewé mi ṣáájú ìpàdé. Wákàtí kò sí níbẹ̀, ọjọ́ kò sí níbẹ̀. Onílàdà fi ìwọ̀nba bíńtín gbawájú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi oníbúrẹ́dì pé ìyẹ̀fun wo ló lò, kò sí ẹnì kan nínú yín tó ní, "Àǹtí, wákàtí rẹ̀ dà?" Mi ò dá yín lẹ́bi o. Ẹ ò bèèrè torí pé ẹ gbà mí gbọ́. Ohun tí mo jí lọ́wọ́ yín gan-an nìyẹn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló fura. Ní àárọ̀ Sátidé ìpàdé, Ẹnjiníà lọ gba kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ Màmá Alága. Ó rí ohun tí mo ká. Ká ní èmi ni, màá ti tú u, màá gbé e lọ́wọ́ wá sí ìpàdé bí ẹni mú ejò. Òun kò fọwọ́ kàn án. Ó tilẹ̀kùn, ó wá sí ìpàdé, ó ní, "Ẹ̀yin ará ilé, mo rí nǹkan kan nísàlẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ bó ṣe wà kí gbogbo wa lè jọ rí i. Mi ò mọ ẹni tó ṣe é, mi ò sì fẹ́ dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ ká tú u, ká tún un wọ̀n fún ọjọ́ méjì péré." Ó ti ṣí ilẹ̀kùn fún mi láti sá jáde, ẹ ò rí i? Ọjọ́ méjì péré, kò sí ẹni tí ojú máa tì. Bí ogún èèyàn ṣe rọ́ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò gba mẹ́fà nìyẹn. Màmá Alága bẹ̀rẹ̀, ó na ìka sí i, ó ní, "Ta ló wé wáyà bí irun dídì báyìí?"

Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, ẹnu mi ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ní, "Màmá Alága, ta ló gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín láàárọ̀ yìí?" "Ẹnjiníà ni." "Ó ku ẹlòmíì tó gbà á láàárọ̀ yìí?" "Rárá, òun nìkan ni." Mo ní, "Ẹ ṣé, Màmá. Mo wà níbí lánàá, wáyà yìí nà gbọnrangandan. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ ò tíì rí i ni? Ilé-iṣẹ́ tí Ẹnjiníà fẹ́ ti fìdí rẹmi, ló bá yọ́ wá ká wáyà láàárọ̀ yìí, kó lè ní ìdánwò mi ti bàjẹ́, kẹ́ ẹ dà á nù! Ẹni tó tinú ilé dáná sunlé ló kọ́kọ́ ń pariwo pé òun ń gbóòórùn èéfín!" Ìka tó bá ṣẹ̀ ni wọ́n ń gé. Èmi ni mo ṣẹ̀, ìka ẹlòmíì ni mo nà fún ọ̀bẹ. Ẹnjiníà wò mí, ó ní, "Èmi?" Kó tó sọ ìkejì, Onífíìmù ti bú sẹ́rìn-ín. "Ẹnjiníà Káwáyà! Ṣé ohun tí wọ́n kọ́ yín ní yunifásítì nìyí?" Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn lára níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dì í lápá mú, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ, bàbá ọmọ mi. Àwọn èèyàn yìí ti dájọ́ tán." Àbúrò mi wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Mo fi ojú sọ fún un pé kó pa ẹnu dé. Ó pa á dé. Mo sọ àbúrò mi di ẹlẹ́rìí èké láìjẹ́ pé ó sọ̀rọ̀.

A fọwọ́ sí ìwé Onílàdà. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ojú yín rí. Ọ̀sán bá dé, ẹ̀ẹ́ kanlẹ̀kùn mi. "Àǹtí Rútà, ó tún ti já o." Èmi á ní, "Ẹ pa rútà yín, kẹ́ ẹ tún un tàn." Ẹ̀ẹ́ dúpẹ́! Ní àjà kẹrin, nǹkan le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kọ̀ǹpútà tí Ẹnjiníà ń ṣọ́ dákú lọ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀mẹta ni kò rí ọ̀nà wọlé lọ jí i. Lẹ́ẹ̀kẹta, ilé-iṣẹ́ náà ní kó máa lọ. Ní oṣù karùn-ún lẹ́yìn ìpàdé yẹn, wọ́n kó jáde. Ojú fèrèsé ni mo wà tí wọ́n ń so tábìlì rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbójú sókè, ó rí mi. Mo juwọ́ sí i. Ẹ gbọ́ o, mo juwọ́!

Ẹ rò pé èyí ló burú jù? Ó ku ọ̀kan. Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yìí, mò ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku inú kọ̀ǹpútà oníbàárà kan, fóònù mi dún. Obìnrin kan ni, ohùn rẹ̀ tutù. "Ẹ káàsán, Ìyáàfin. Láti ilé ìwòsàn ni mo ti ń pè. Ọkùnrin kan ń wáṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, láti máa bójú tó ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì wa. Nínú gbogbo àwọn tó wá, òun ló mọ̀ ọ́n jù. Ṣùgbọ́n a gbọ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ba wáyà jẹ́ nílé tó ti ń gbé tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ní ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ilé ìwòsàn la wà, a ò lè fi irú ẹ̀ ṣeré. Ṣé òótọ́ ni?" Oṣù mẹ́rìnlá ti kọjá. Ìbínú mi ti tán pátápátá, kò sí ẹni tó ń wò mí, kò sí àtẹ́wọ́ kankan níbẹ̀. "Rárá" ni mo ní láti sọ, kò ju ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lọ. Mo ní, "Òótọ́ ni. Mi ò fẹ́ ba ti ẹnikẹ́ni jẹ́ o, ṣùgbọ́n òótọ́ ni." Ẹ tiẹ̀ gbọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Mo gún un, mo tún ń kẹ́dùn fún un.

Àbúrò mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?" Mo ní oníbàárà ni. "Oníbàárà wo ló ń bi yín léèrè Ẹnjiníà?" Ó wọ yàrá, ó kó aṣọ díẹ̀ sínú báàgì, ó jáde. Ó ní, "Nígbà tí mo mú tọ́ọ̀ṣì, mi ò mọ̀. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ dá a lẹ́bi, mo mọ̀, àmọ́ ẹ̀rù yín bà mí. Ẹ̀rù yín ò bà mí mọ́ báyìí o, mò ń tijú yín ni." Èmi ni mo tọ́ ọ láti ìgbà tí ìyá wa ti kú. Wọ́n ti bú mi lóríṣiríṣi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo sì ti fi èébú wọn sùn. Èyí kò jẹ́ kí n lè jókòó.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ sílé Ẹnjiníà, yàrá méjì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń lẹ táyà. Ìyàwó rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, kò kí mi, ṣùgbọ́n ó gbé àga fún mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láìmí. Ẹnjiníà ní, "Mo mọ̀." Mo ní, "Ẹ mọ̀ kẹ̀?" Ó ní, "Oníṣọ́bìrì fún wáyà ìdánwò yẹn ní àdírẹ́sì tirẹ̀. Láti yàrá mi ni kọ̀ǹpútà mi ti ń pè é wò fúnra rẹ̀, ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú. Mo rí wákàtí tó já bọ́, Ọjọ́rú, aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú méje. Ilé ìwé ọmọ mi ni mo wà nígbà yẹn, èmi àti olùkọ́ rẹ̀ la jọ jókòó." "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?" "Mo sọ. Mo mú àkọsílẹ̀ náà lọ bá Màmá Alága. Ó ní ẹni tó bá lè ká wáyà, á lè kọ nọ́ńbà." Mo kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde, Àǹtí." Ẹ̀yin ló ń pè mí, lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ṣe, kò já mi sí ìwọ. Ó ní, "Ẹ má tọrọ àforíjì nínú yàrá. Kì í ṣe inú yàrá lẹ ti bà mí jẹ́. Ọjọ́ Ẹtì ni ilé ìwòsàn máa mú èèyàn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ibi tí ayé ti gbọ́ ti àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ ti lọ sọ ọ́." Ìyàwó rẹ̀ sọ tirẹ̀ láti ìdí ilẹ̀kùn. "Ọmọ wa bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ṣé lóòótọ́ ni bàbá òun jẹ́ ọ̀bàyéjẹ́. Ẹ bá mi dá a lóhùn."

Mo pe obìnrin ilé ìwòsàn kí n tó délé. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Lánàá ẹ ní òótọ́ ni, lónìí ẹ ní irọ́ ni. Èwo ni ká mú, Ìyáàfin? Ẹnu yín nìkan ò tó mọ́. Ẹ kọ ọ́ síbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i, kẹ́ ẹ sì wá ẹlẹ́rìí." Ó ti wà níbí báyìí o. Àkọsílẹ̀ ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá náà wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, wákàtí sí wákàtí. Tèmi wà níbẹ̀, ti Ẹnjiníà tó fún mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì bára mu ní wákàtí kan náà. Àbúrò mi ti gbà láti jẹ́rìí. Kò tíì gbà láti padà wálé, mi ò sì bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ mú ilé-iṣẹ́ fáíbà, ẹ má fi ẹnu mi mú ọ̀kankan mọ́. Ẹ béèrè wákàtí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá gbé nọ́ńbà kan ṣoṣo fún yín, ì báà jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn jù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín kọ́ṣẹ́ bíi tèmi, tẹ́ ẹ̀ ń bínú sí àwọn tó níwèé, ẹ gbọ́ ti àgbà tó ti ṣìnà. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi àṣìṣe yín hàn yín, ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ ni. Mo sọ tèmi di ọjọ́ ogun, mo sì ṣẹ́gun, ẹ wá wo ohun tí mo jèrè. Ẹ̀yin ará ilé, ọ̀dọ̀ Màmá Alága ni mo ti ń bọ̀. Ó ní Sátidé ni òun máa lọ kí Ẹnjiníà nílé, kí ẹni tó bá rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn wá bá òun lọ. Ẹnjiníà, mo bẹ̀ yín, ẹ dárí jì mí, nígbàkígbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, tàbí kẹ́ ẹ má dárí jì mí láé. Ọmọ Ẹnjiníà, bí wọ́n bá ka èyí fún ẹ, bàbá rẹ kò ba ohunkóhun jẹ́. Ìyáàfin ilé ìwòsàn, ẹ gba ọkùnrin yẹn síṣẹ́. Ó rí ohun tí ì bá fi gba ara rẹ̀ là, kò fọwọ́ kàn án, torí ó fẹ́ kí gbogbo èèyàn rí òtítọ́ bó ṣe wà. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ̀ ń wá fún wáyà yín.

Mo ti ṣí àyè ìdáhùn sílẹ̀ nísàlẹ̀. Mo mọ̀ pé èébú ń bọ̀, ẹ má fi bò. Màá kà á lọ́kọ̀ọ̀kan títí di ọjọ́ Ẹtì, kò sì sí èyí tí màá fèsì sí.